Kì í ṣe ẹṣin ló fà á tí pápá fi ṣófo

Ẹ bá àgbàlagbà ará New York tó mọ pápá Roosevelt Raceway nígbà èwe rẹ̀ sọ̀rọ̀ eré ẹṣin oníkẹ̀kẹ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi sọ fún yín pé ẹṣin ayé ìgbà yẹn ló jẹ́ ẹṣin. Yóò ní ẹṣin ìsinsìnyí ò lókun mọ́, pé àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ràn ẹṣin, àti pé ìdí nìyẹn tí ibi ìjókòó òǹwòran fi ṣófo. Inú ìfẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bàbá bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹṣin òde òní ń sáré ju ti àtijọ́ lọ, ìfẹ́ ẹṣin kọ́ ló sì kúrò ní pápá. Tẹ́tẹ́ ló kúrò níbẹ̀.

Fún ẹni tí kò rí eré yìí rí, wọn kì í gun ẹṣin náà. Ẹṣin ló ń fa kẹ̀kẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní táyà méjì. Awakẹ̀kẹ́ á jókòó sẹ́yìn ìdí ẹṣin gan-an, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á di ìjánu mú. Ẹṣin ò gbọdọ̀ bẹ́ sí eré àsápajúdé. Àwọn kan máa ń gbé ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì. Àwọn kan ń gbé ẹsẹ̀ méjèèjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pọ̀, wọ́n á máa mì sọ́tùn-ún, wọ́n á máa mì sósì. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dàrú, awakẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní láti fà á sẹ́yìn títí yóò fi padà bọ́ sójú ìgbésẹ̀, àwọn yòókù á sì ti máa lọ. Ìdí nìyí tí eré náà fi máa ń ká àwọn tó mọ̀ ọ́n wò lára tó bẹ́ẹ̀: ẹṣin ń fẹ́ sá tagbáratagbára, ọwọ́ tó wà lórí ìjánu ò sì jẹ́ kó yà kúrò nínú ìlànà.

Ká wá wo eré sísá gan-an. Máìlì kan ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1879, nígbà tí wọ́n ń ṣètò ìwé ìforúkọsílẹ̀ irú ẹṣin yìí, ẹni tí ẹṣin rẹ̀ bá lè parí máìlì kan láàárín ìṣẹ́jú méjì àtààbọ̀ ti ní ẹṣin gidi. Dan Patch, tí wọ́n bí ní Indiana ní 1896, ló wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Marion Savage, oníṣòwò oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ní Minnesota, ra á ní 60,000 dọ́là ní 1902. Ó fi orúkọ ẹṣin náà polówó ọjà rẹ̀, ó sì fún un ní wáàgọ́nù tirẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ní 1905, Dan Patch parí máìlì kan ní 1:55¼, ìyẹn ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 55 pẹ̀lú ìdámẹ́rin. Òkìkí ìyẹn kan káàkiri, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Keje 2022, ẹṣin kan tó ń jẹ́ Bulldog Hanover sá máìlì kan ní Meadowlands, ní New Jersey, ní 1:45.8. Bí ẹ bá ní kí àwọn méjèèjì jọ gbéra, nígbà tí Bulldog Hanover bá fi máa gba ìlà kọjá, ó ṣì máa ku nǹkan bí mítà 130 kí Dan Patch tó dé. Èmi ò sọ pé Dan Patch kì í ṣe akọni. Kẹ̀kẹ́ tó fà kò rí bíi ti ìsinsìnyí, wọ́n sì ti fi ọ̀pọ̀ ìran tún ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹṣin wọ̀nyí ṣe, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tún ilẹ̀ pápá fúnra rẹ̀ ṣe. Ní 1892 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo táyà tó ń gba afẹ́fẹ́ lásán, ẹṣin kan tó ń jẹ́ Nancy Hanks lo àǹfààní rẹ̀ láti sá máìlì ní 2:04. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí bí èèyàn ṣe lè fi aago mú un dájú pé ẹṣin òní ti rẹ̀yìn.

Èrò wá ńkọ́? Èrò pọ̀ lóòótọ́, kì í ṣe àròsọ. Ọdún 1940 ni Roosevelt Raceway bẹ̀rẹ̀ eré ẹṣin oníkẹ̀kẹ́ ní Long Island. Alẹ́ ni wọ́n ń sá a, lábẹ́ iná, kí òṣìṣẹ́ lè ti ẹnu iṣẹ́ lọ wò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìgbéra ló ń bà á jẹ́. Ẹṣin kan á ti ṣáájú, òmíràn á ti yí ojú padà, wọ́n á pe gbogbo wọn padà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, àwọn èrò á sì máa yán. Ní 1946 ni wọ́n mú mọ́tò kan wá tó ní apá méjì gbọọrọ tó nà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì. Àwọn ẹṣin á tò sẹ́yìn àwọn apá náà, imú wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin, mọ́tò á máa yára sí i díẹ̀díẹ̀, bó bá sì dé ojú ìlà, á ká apá rẹ̀ kò, á sá síwájú, á fi pápá sílẹ̀ fún wọn. Láti ìgbà yẹn ni èrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ.

Ní 1959 wọ́n pe àwọn ẹṣin òkèèrè wá síbẹ̀. Jamin wá láti ilẹ̀ Faransé, ẹṣin tó fẹ́ràn ewébẹ̀ tí wọ́n ń pè ní artichoke. Àwọn aṣọ́bodè gba ewébẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn, àwọn oníwèé ìròyìn gbọ́, ó sì di ohun tí gbogbo ìlú ń sọ. Èrò tó wá wò ó lé ní 40,000, Jamin sì gbégbá orókè. Nígbà tí ó di ọdún kejì, àwọn tó wá lé ní 50,000. Ẹni tó wà níbẹ̀ ò lè gbàgbé.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa: lójoojúmọ́ tí kò sí Jamin, lálẹ́ ọjọ́ Tuesday tí òtútù ń mú, kí ló ń gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ síbẹ̀? Ní New York ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ta tẹ́tẹ́ ẹṣin láìrú òfin gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé pápá. Kò sí kasínò nítòsí, kò sì sí lọ́tìrì ìjọba. Yàtọ̀ sí pápá, àfi kéèyàn wá àwọn tó ń gba tẹ́tẹ́ ní kọ̀rọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kẹjọ oṣù Kọkànlá 1963 fi ohun tó wà lọ́kàn èrò hàn kedere. Ẹṣin mẹ́jọ ló gbéra nínú eré kan ní Roosevelt. Ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, wọ́n kọ lu ara wọn, méjì péré ló parí eré. Àwọn adájọ́ ní èsì dúró bẹ́ẹ̀. Àwọn tí owó wọn wà lórí àwọn ẹṣin tó ṣubú fò wọ inú pápá, wọ́n fọ́ nǹkan, wọ́n dáná sun nǹkan, àfi ìgbà tí ọlọ́pàá dé. Kì í ṣe nítorí ẹṣin tó fara pa ni wọ́n ṣe bínú.

Ẹ wá ka ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní 1967, New York bẹ̀rẹ̀ lọ́tìrì. Ní 1971, ìjọba ìlú náà ṣí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn ti lè ta tẹ́tẹ́ ẹṣin láàárín ìgboro, láì dé pápá. Ní 1976, Meadowlands ṣílẹ̀kùn ní òdìkejì odò. Èrò ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ lé ní 40,000, èyí tó fi hàn pé ìfẹ́ ò tíì kú rárá. Ní 1978 ni kasínò dé Atlantic City. Roosevelt ti ilẹ̀kùn pa ní 1988. Ẹ wo àwọn bàbá wa tí wọ́n máa ń kóra jọ sí ilé pọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé, ẹ wá wo ọmọkùnrin tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù lónìí láì dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ta ló máa sọ pé bọ́ọ̀lù ni wọn ò fẹ́ràn mọ́ nítorí pé ilé pọ́ọ̀lù dákẹ́?

Ohun tó dùn mí nínú ìgbàgbọ́ òdì yìí ni pé ó ń di ẹ̀bi ru ẹni tí kò jẹ̀bi. Àwọn olùtọ́jú ẹṣin ṣì ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ṣì ń wẹ ẹṣin, wọ́n ṣì ń di ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ṣì ń rìn ín títí ara rẹ̀ á fi tutù. Iṣẹ́ wọn ò dínkù rárá. Ìgbàgbọ́ náà tún ń mú kí àwọn aṣáájú eré náà máa retí Dan Patch tuntun tí yóò kó èrò padà. Ẹṣin tó yára jù lọ nínú ìtàn eré wọn sá lójú wọn ní 2022, àga ò kún. Meadowlands alára ti gbà bẹ́ẹ̀: ilé òǹwòran tuntun tí wọ́n kọ́ ní 2013 kéré gan-an sí ti tẹ́lẹ̀. Ní Yonkers, pápá mìíràn ní New York, láti 2006, owó ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ló ń ran ẹ̀bùn ẹṣin lọ́wọ́, nítorí náà ẹṣin lè sáré gba owó gidi níwájú àga tó ṣófo.

Ibi tí èrò ṣì ń wọ́ lọ ni ibi tí eré náà ti jẹ́ àjọ̀dún. Dan Patch fúnra rẹ̀, ọjà àgbẹ̀ ọdọọdún ló ti rí èrò rẹ̀, aago nìkan ló sì sábà máa ń bá díje níbẹ̀. Ní Delaware, ní Ohio, wọ́n ti ń sá Little Brown Jug láti 1946 nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, lórí pápá kékeré tó jẹ́ ìdajì máìlì. Àwọn ará ìlú á ti to àga wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ṣáájú ọjọ́ náà, ìdílé á kó oúnjẹ wá, ẹṣin á máa kọjá níwájú wọn débi tí wọ́n á fi gbọ́ èémí rẹ̀. Ní Sweden, èèyàn lè ta tẹ́tẹ́ ẹṣin láti ilé, síbẹ̀ pápá Solvalla ní Stockholm máa ń kún fọ́fọ́ nígbà eré ńlá tí wọ́n ń pè ní Elitloppet.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń fà sí ariwo èrò yẹn, kó lọ sí Vincennes ní Paris ní ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù Kìíní fún Prix d'Amérique tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1920, tàbí Solvalla nígbà tí oṣù Karùn-ún bá ń parí lọ. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ló wà, kó wá ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ àjọ̀dún Delaware nínú oṣù Kẹsàn-án, kó sì tètè dé.