Ìdí tí kirisáńtímọ̀mù inú ìkòkò fi ń hu ewé láìyọ òdòdó ní fàràndà Èkó

Kirisáńtímọ̀mù ti wọ fàràndà púpọ̀ ní Súrùlérè, Yábà àti Ìkòyí. Lẹ́bàá títì tí wọ́n ti ń tà á, òdòdó á ti bò ó mọ́lẹ̀. Bó bá délé ẹni tó rà á, tí òdòdó yẹn rọ, ewé ló kù, ewé náà á sì máa hu lọ láìsí òdòdó mìíràn. Àwọn ìbéèrè tí àwọn aládùúgbò máa ń bi èmi tí mò ń gbin òdòdó nìyí.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, mò ń bomi rin ín, mo ń fún un ní ajílẹ̀, ewé nìkan ló ń hu. Kí ni mo ṣe fún un?

Ẹ jẹ́ kí èmi náà bi yín mà: gílóòbù fàràndà yín, ṣé ẹ máa ń pa á lálẹ́? Bó bá jẹ́ pé ó ń tàn mọ́jú nítorí olè, òun ni mo kọ́kọ́ fura sí.

Òru ni kirisáńtímọ̀mù fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó rudi. Bí òru bá gùn, tó sì ṣú dáadáa, á rudi. Bí òru bá kúrú, ewé lá máa hu. Lọ́dún 1920, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, W. W. Garner àti H. A. Allard, gbé ìwádìí jáde lórí irú tábà kan tí kì í yọ òdòdó nígbà tí ọ̀sán ọ̀hún bá gùn. Wọ́n ń gbé e wọnú ilé tó ṣókùnkùn kí oòrùn tó wọ̀, ló bá yọ òdòdó. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ló wá fi hàn pé gígùn òru gan-an ni irú ewéko bẹ́ẹ̀ ń wò, kì í ṣe ti ọ̀sán. Ọ̀kan nínú irú ewéko bẹ́ẹ̀ ni kirisáńtímọ̀mù.

Ní London, ọ̀sán oṣù kẹfà lé ní wákàtí 16, nítorí náà ewé ló ń hu níbẹ̀ títí òru fi máa gùn, nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kó tó wá yọ òdòdó. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Èkó sún mọ́ àárín méjì ayé. Ọ̀sán wa tó gùn jù lọ́dún jẹ́ bíi wákàtí 12 àbọ̀, èyí tó kúrú jù sì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ dín ní 12. Òru Èkó gùn tó fún òdòdó yìí láti oṣù kìíní dé ìkejìlá. Bó bá wá kọ̀ tí kò rudi, ẹ wá ohun tó ń gé òru rẹ̀ kúrú.

Gílóòbù kékeré lásán ló ṣe gbogbo ìyẹn?

Kò dìgbà tó bá mọ́lẹ̀ tó oòrùn. Èròjà kan wà nínú ewé tí wọ́n ń pè ní phytochrome, tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ti tó láti ta á jí, pàápàá èyí tí pupa bá wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń gbin kirisáńtímọ̀mù tà ní òkè òkun mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí wọn ò bá tíì fẹ́ kó rudi, tí wọ́n fẹ́ kó ga sí i, wọ́n á tanná sí i fún wákàtí mélòó kan láàárín òru, bíi aago 10 sí aago 2. Ohun tí àwọn yẹn ń náwó ṣe, ọ̀fẹ́ lẹ ń ṣe é ní fàràndà.

Ti Nẹ́pà tún wà níbẹ̀. Wọ́n á mú iná lọ nírọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní rántí pa gílóòbù ìta. Tó bá di aago kan òru, wọ́n mú un dé, fàràndà mọ́lẹ̀ kedere, gbogbo ilé ń sùn. Òru ti gé sí méjì nìyẹn, ẹ ò sì ní mọ̀.

Mi ò ní kí ẹ pa iná kí olè wọlé o. Ẹ gbé ìkòkò náà lọ sí igun tí ìmọ́lẹ̀ ò dé, tàbí kí ẹ fi páálí ńlá dé e láti aago 7 alẹ́ sí aago 7 àárọ̀. Ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́, ẹ má fo ọjọ́ kan, títí ìrudi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀ hàn. Ẹni tó lágbára lè ra iná tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá kọjá ló máa ń tàn. Láti ìgbà tí òkùnkùn bá ti ń tó o, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 7 sí 10 kó tó yọ òdòdó, kálukú pẹ̀lú irú tirẹ̀. Ooru wa lè fi kún un.

Tèmi rudi lóòótọ́, ṣùgbọ́n òdòdó rẹ̀ kéré, pupa rẹ̀ sì ti ṣá.

Ooru ni. Òru tí kò ju bíi 16 sí 18 lórí ìwọ̀n Celsius ló tẹ́ ẹ lọ́rùn, tiwa sì sábà máa ń wà láàárín 23 sí 26. Ooru òru ń dá ìrudi dúró, ó sì ń jẹ́ kí àwọ̀ pupa ṣá. Kò sí ajílẹ̀ tó lè tún ìyẹn ṣe. Àwọn ará Jos, tí ìlú wọn wà lórí òkè tó ga tó bíi mítà 1,200, ò ní irú wàhálà yìí tó wa. L'Ékòó níbí, yẹ́lò tàbí funfun ni mo máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kó rà.

Fàràndà mi ní òrùlé. Ṣé ó dáa fún un?

Ó dáa nígbà òjò, torí pé òjò tó bá ń dúró sínú òdòdó máa ń mú un jẹrà. Àmọ́ ìdí ògiri lọ́hùn-ún ti ṣókùnkùn jù lọ́sàn-án. Ẹ gbé e sún mọ́ etí, níbi tí oòrùn àárọ̀ á ti kàn án fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n máa bomi rin ín lọ́sẹ̀?

Ẹ má fi ọjọ́ wọ̀n ọ́n. Ẹ ki ìka bọ erùpẹ̀. Bó bá gbẹ dé oríkèé àkọ́kọ́, ẹ bomi sí i nídìí, ẹ má dà á sórí ewé. Nígbà ọyẹ́, erùpẹ̀ lè gbẹ débi tí á fi yà kúrò lára ìkòkò, omi á kàn gba ẹ̀gbẹ́ jáde nísàlẹ̀, ẹ ó sì rò pé ó ti mu. Ẹ gbé ìkòkò náà sínú abọ́ omi fún ìdajì wákàtí. Bó bá ń rọ nígbà tí erùpẹ̀ ṣì tutù, gbòǹgbò ló ti ń jẹrà nìyẹn, ẹ má tún bomi sí i. Ẹ sì máa da omi inú àwo ìsàlẹ̀ ìkòkò nù, ẹ̀fọn ń yé síbẹ̀.

Ó ti ga gàgàrà, kò rí rúmúrúmú bí ìgbà tí mo rà á.

Wọ́n sábà máa ń fi oògùn dá gíga rẹ̀ dúró kí wọ́n tó tà á. Bí agbára oògùn bá tán, ẹ̀ka á máa nà. Ohun mìíràn ni pé ìkòkò kan kì í sábà jẹ́ igi kan: mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n máa ń gbìn pọ̀ kó lè kún. Lẹ́yìn òdòdó, wọ́n á máa bá ara wọn du oúnjẹ. Ẹ gé e wálẹ̀, ẹ tú wọn sí ìkòkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ tún lè gé orí ẹ̀ka tí kò ní ìrudi, bíi ìka ọwọ́ kan ní gígùn, kí ẹ gbìn ín sínú iyanrìn tó tutù níbòòji. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, á ta gbòǹgbò. Lójú tèmi, ọmọ tuntun yìí ló yẹ kí ẹ tọ́jú. Ìyá rẹ̀ kì í pẹ́ nínú ooru wa.

Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ bo ọmọ ewé rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ fi omi fọ̀ wọ́n dànù, ẹ fọ abẹ́ ewé náà. Bí wọ́n bá padà, ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ omi kí ẹ fín in nírọ̀lẹ́.

Mo gbọ́ pé àwọn ará Ṣáínà ń fi òdòdó rẹ̀ se tíì. Ṣé mo lè já tèmi?

Wọ́n ń ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gbìn fún mímu ni. Èyí tí ẹ rà lẹ́bàá títì, ó ṣeé ṣe kó ti gba oògùn kòkòrò àti oògùn tó ń dá gíga dúró. Ẹ má mu ún. Ẹ má jẹ́ kí ajá tàbí ológbò jẹ ewé rẹ̀ náà, ó máa ń mú wọn bì.