Ajílẹ̀ tí ẹ fi sínú láílọ́ọ̀nù ọmọ igi, ibo ló gbà lọ?

"Ọ̀gá, mo ti fi ajílẹ̀ sí ọmọ kòkó mi, ewé rẹ̀ ṣì ń pọ́n. Ṣé kí n fi kún un?"

Bí òjò bá ti ń rọ̀ gidi n'Ìbàdàn, ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn oníbàárà mi. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí wọ́n fi owó wọn sápò ná. Ajílẹ̀ ọ̀hún ti bá omi lọ. Òjò tó ń rọ̀ níbí lọ́dún máa ń tó mílímítà 1,200, àárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń rọ̀. Igi tó wà nílẹ̀ lè na gbòǹgbò lé oúnjẹ tó ń rì lọ. Èyí tó wà nínú láílọ́ọ̀nù kò rí ibi kankan nà án sí: ohun tó bá ti gba ihò ìdí rẹ̀ jáde, ó lọ nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo èròjà oúnjẹ igi ló ń tètè lọ. Amọ̀ àti ajílẹ̀ tó ti jẹrà ní agbára tó ń fa pòtásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù mọ́ra, fọ́sífọ́rọ̀sì náà sì máa ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ilẹ̀ pupa wa. Náítírójìn ni oníwàhálà. Yálà ajílẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní yùríà lẹ fi sí i ni o, tàbí ìgbẹ́ adìẹ, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí nínú ilẹ̀ yóò sọ ọ́ di náítíréètì, amọ̀ kì í sì í lè di èyí mú. Ẹ má wo àwọ̀ omi tó ń kán nísàlẹ̀ o, nítorí náítíréètì kò ní àwọ̀. Omi tó mọ́ gaara lè ti kó oúnjẹ igi yín lọ.

Kí wá ni ká pò mọ́ ilẹ̀? Ìgbẹ́ adìẹ ò wọ́n wa, àmọ́ tútù rẹ̀ kò dára fún ọmọ igi. Yóò jó gbòǹgbò, ìyókù á ṣàn dànù. Ẹ kó o jọ, ẹ máa yí i títí ooru inú rẹ̀ yóò fi lọ, tí kò ní rùn mọ́. Èyí tó bá ti jẹrà, díẹ̀díẹ̀ ló ń tú oúnjẹ sílẹ̀.

Èérún pákó láti Bódìjà ńkọ́? Ìyẹn máa ń tan èèyàn jẹ. Lóòótọ́, náítírójìn tó ń ṣàn jáde yóò dín kù, àmọ́ kì í ṣe igi yín ló jẹ ẹ́. Àwọn kòkòrò tó ń jẹ pákó ló gbà á, torí pé náítírójìn inú pákó kò tó bọ́ wọn. Ebi yóò máa pa ọmọ igi níbẹ̀. Àfi èyí tó bá ti dúdú, tó ti rà pátápátá.

Èédú ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń polówó rẹ̀ ti ń bù mọ́ ọn. Ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ń gba omi dúró, ó sì ń di amóníọ́mù, ìyẹn ìrísí tí náítírójìn máa ń ní kó tó di náítíréètì, mú. Náítíréètì fúnra rẹ̀, díẹ̀ báyìí ló lè dá dúró. Ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ pò ó mọ́ ajílẹ̀ tó ń jẹrà lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó lò ó, torí èédú tó ṣófo lè kọ́kọ́ fa oúnjẹ igi sínú ara rẹ̀. Kó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ tí ẹ pò lọ. Ẹ má sì fi eérú rọ́pò rẹ̀. Pòtásíọ̀mù inú eérú ń yòrò kíákíá, àpọ̀jù eérú sì ń pa ekan ilẹ̀ débi pé igi ò ní rí áyọ́ọ̀nù, ìyẹn èròjà irin, mu.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́ ọmọ igi ń po páànù 3 ilẹ̀ dúdú, 2 ajílẹ̀, 1 yanrìn. Nígbà òjò, èmi á dín ajílẹ̀ yẹn kù sí 1. Yanrìn wà kí afẹ́fẹ́ lè wọlé ni, kì í di oúnjẹ mú. Àwọn omi àkọ́kọ́ tí ẹ bá bu sí láílọ́ọ̀nù tuntun ló ń fọ oúnjẹ lọ jù, nítorí náà ẹ má tíì fi ajílẹ̀ òyìnbó NPK sí i. Tó bá yá, ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, sàn ju síbí kan lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ dáwọ́ omi dúró bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo ewé wo ló ń pọ́n. Bó bá jẹ́ àwọn tó ti pẹ́ nísàlẹ̀, náítírójìn ni igi ń wá. Bó bá jẹ́ ewé tuntun lókè, tí iṣan rẹ̀ kò sì tíì pọ́n, ó lè jẹ́ áyọ́ọ̀nù ni igi ń wá; ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó po ilẹ̀ náà bóyá ó da eérú sí i.