Kí ẹ tó ta ilé Bàbá torí owó ilé ìtọ́jú

"Àǹtí, ṣé àìsàn kọ́ ni èyí ni?" Ọmọbìnrin kan ló bi mí bẹ́ẹ̀, ìwé tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún tó lé ní 40, kò sì sí oṣù kan tí wọn kò yọ owó orí nínú owó rẹ̀. Dìmẹ́ńṣíà, àrùn tó ń jẹ ọpọlọ, ti wá mú un débi pé ó ń wá ìyàwó rẹ̀ tó ti kú kiri inú ilé lóru, ó sì ti jáde sí títì láìwọ bàtà lẹ́ẹ̀mejì. Dọ́kítà ní kò lè dá gbé mọ́. Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tí wọ́n júwe fún un ń gba owó tó lé ní £1,000 lọ́sẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún un pé ilé Bàbá ni yóò san án. "Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ló mú un, ta ni yóò ní ká ta ilé?"

Ìbéèrè yẹn tọ́, ó sì máa ń dùn mí nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ ọ. Iṣẹ́ sóṣà wọ́kà ni mo ń ṣe. Èmi ni mo máa ń jókòó ti ẹbí nígbà tí ọ̀rọ̀ owó bá délẹ̀, mo sì ti rí ilé tí wọ́n tà tí kò yẹ kí wọ́n tà.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948, òfin méjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan dá NHS, ètò ìlera ìjọba, sílẹ̀, ó ní kí aláìsàn gba ìwòsàn lọ́fẹ̀ẹ́. Èkejì, National Assistance Act, ní kí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, pèsè ibùgbé fún arúgbó tó nílò ìtọ́jú, kí onítọ̀hún sì san iye tí apá rẹ̀ bá ká. Òfin ti yí padà léraléra láti ìgbà náà, Care Act ti ọdún 2014 là ń lò báyìí, àmọ́ ògiri tí wọ́n mọ sáàárín ìwòsàn àti ìtọ́jú ṣì dúró. Ohun tó bá jẹ́ ìwòsàn, NHS ló ni ín. Wíwẹ̀, wíwọṣọ, jíjẹun, lílọ sí ilé ìyàgbẹ́, ṣíṣọ́ ẹni kó má baà sọnù, ti káńsù nìyẹn, káńsù yóò sì kọ́kọ́ wo àpò ẹni náà.

Dìmẹ́ńṣíà ni ògiri yìí pa lára jù. Àwọn kan nínú wa ṣì ń sọ pé "wọ́n ti ń ṣarán ni", bí ẹni pé ọjọ́ orí lásán ló fà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àrùn ló ń jẹ ọpọlọ, Alzheimer ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn tó ń fà á, ó sì ń pa ènìyàn. Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Ẹni tó ń fi síbí bọ́ Bàbá, tó ń dì í lọ́wọ́ mú lóru, tó ń rọ̀ ọ́ kó jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ òun, iṣẹ́ ẹni yẹn gan-an ni ìtọ́jú àìsàn náà. Òfin wo iṣẹ́ yẹn, ó ní kì í ṣe ìwòsàn. Ibi tí àìtọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wo ìṣirò wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ohun ìní rẹ̀ bá ju £23,250 lọ ni yóò san gbogbo owó ilé ìtọ́jú fúnra rẹ̀. Láti ọdún 2010 ni iye yẹn ti wà lójú kan, bí ọjà ṣe gbówó lórí tó. (Ní Wales, £50,000 ni.) Tó bá wà láàárín £14,250 àti £23,250, káńsù yóò dá sí i, ṣùgbọ́n wọn yóò ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé £1 ń wọlé fún un lọ́sẹ̀ lórí £250 kọ̀ọ̀kan tó lé. Tí kò bá tó £14,250, wọn kò ní fọwọ́ kan ohun tó fi pamọ́, àmọ́ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ yóò ṣì lọ sí i, àfi nǹkan bí £30 lọ́sẹ̀ tí wọ́n ní láti fi sílẹ̀ fún un. £30 yẹn ni yóò fi gẹrun, tí yóò fi ra ọṣẹ tó fẹ́ràn, tí yóò fi ra ẹ̀bùn ọjọ́ìbí fún ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ẹni tó ń dá san tún ń san jù. Ní ọdún 2017, Competition and Markets Authority, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ọjà àti ìdíje, yẹ ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú wò, wọ́n sì rí i pé nínú ilé kan náà, tí a bá pín in dọ́gba, ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ san ń san ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún ju ohun tí káńsù ń san lọ. Oúnjẹ kan náà, òṣìṣẹ́ kan náà. Káńsù ń gba yàrá púpọ̀ pọ̀, ó lè dúnàádúrà. Ọmọ tí wọ́n ní kó wá gbé bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kò ráyè dúnàádúrà.

Ní ti ilé, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń kà á mọ́ ohun ìní. Tí ọkọ tàbí ìyàwó bá ṣì ń gbé inú rẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ kà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ìbátan tó ti pé ọdún 60, ìbátan tí kò lera, tàbí ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé 18 bá ń gbé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ ọdún 52 ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá gbé ti Màmá, òfin kò fi dandan mú káńsù, ó kàn gbà wọ́n láàyè láti yọ ilé náà kúrò. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kí ẹ ka gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe àti ohun tí ẹ ti pàdánù. Tí owó yòókù tí Màmá ní kò bá sì ju £23,250 lọ, wọn kò gbọ́dọ̀ ka ilé fún ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́ tó bá fi ilé ìtọ́jú ṣe ibùgbé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè béèrè fún Deferred Payment Agreement: káńsù yóò máa bá a san, wọn yóò gba owó wọn nígbà tí ẹ bá ta ilé níkẹyìn, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ikú. Gbèsè ni o, èlé sì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹ fi ìkánjú ta ilé.

Wọ́n máa ń sọ ọ́ níbi ìnáwó pé tí Màmá bá ti kọ ilé sí orúkọ ọmọ, tó sì pé ọdún 7, káńsù kò lè fọwọ́ kàn án. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ogún ló ní ọdún 7. Ti owó ìtọ́jú kò ní iye ọdún kankan. Èrò ọkàn Màmá nígbà tó fi ilé tọrẹ ni káńsù ń wò: ṣé ó ti mọ̀ pé òun lè nílò ìtọ́jú, ṣé torí kó má baà sanwó ló ṣe ṣe é? Tí wọ́n bá gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn yóò ka ilé náà bí ẹni pé ó ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń kọ́kọ́ bi gbogbo ẹbí, tí ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ rí. Ṣé wọ́n ti fi section 3 ti Mental Health Act ọdún 1983, òfin tó wà fún àìsàn ọpọlọ, dá Bàbá dúró sí ilé ìwòsàn fún ìtọ́jú rí? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, section 117 inú òfin yẹn ní kí NHS àti káńsù gbé ìtọ́jú tó tẹ̀lé e lọ́rùn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà, fìdí èyí múlẹ̀ ní ọdún 2002. Section 2, tí wọ́n fi ń dá ènìyàn dúró fún àyẹ̀wò, nìkan kò tó. Ẹ tú ìwé ilé ìwòsàn yín wò dáadáa, nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn lè gba ilé yín là.

Tí èsì bá jẹ́ rárá, ẹ kọjú sí NHS Continuing Healthcare, ìyẹn ìtọ́jú tí NHS ń san gbogbo owó rẹ̀. Ní ọdún 1999, ilé ẹjọ́ gbọ́ ẹjọ́ Pamela Coughlan, obìnrin kan ní Devon tí ìjàǹbá ọkọ̀ ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Àwọn adájọ́ ní NHS kò lè ti irú ẹni tí àìlera rẹ̀ wúwo tó bẹ́ẹ̀ sí káńsù lọ́rùn. Ìlànà tó wà lóde lónìí ní pé tí ohun tí ẹnì kan nílò bá jẹ́ ti ìlera ní pàtàkì, NHS ni yóò san gbogbo owó ilé ìtọ́jú rẹ̀, ti ibùsùn àti ti oúnjẹ pẹ̀lú, láìbéèrè ohun tó ní ní báńkì. Orúkọ àrùn kọ́ ni wọ́n ń wò, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní dìmẹ́ńṣíà ni kò sì rí i gbà. Wọn yóò kọ́kọ́ ṣe Checklist, ìyẹn àyẹ̀wò ṣókí. Tó bá yege, àyẹ̀wò kíkún yóò tẹ̀lé e lórí ẹ̀ka 12: mímí, jíjẹun, ìtọ̀ àti ìgbẹ́, awọ ara, rírìn, ọ̀rọ̀ sísọ, òye, ìwà, oògùn àti àwọn yòókù, wọn yóò sì kọ bí ìṣòro ṣe wúwo tó sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan.

Ibí yìí gan-an ni àwa Yorùbá ti máa ń fi ẹnu ara wa ba ẹjọ́ wa jẹ́. A kò fẹ́ tú òbí wa fó. Nọ́ọ̀sì á béèrè bí Màmá ṣe sùn mọ́jú, ọmọ á ní, "A dúpẹ́, wọn ò yọ wá lẹ́nu." Bẹ́ẹ̀ ní òru ọjọ́ náà, Màmá ti sọ àwo lu òṣìṣẹ́, ó ti tọ̀ sára lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ òun. Nọ́ọ̀sì á kọ "ìwọ̀nba" sílẹ̀, ó tán. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ àyẹ̀wò kọ́ la ń bo òbí láṣìírí. Ẹ ra ìwé kékeré, kí ẹ fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ ọ́: aago tó jí, ẹni tó lù, oúnjẹ tó tu dànù, iye ènìyàn tó gbà kí wọ́n tó lè wẹ̀ fún un. Ẹ mú un dání lọ.

Wọ́n tún lè sọ pé ara rẹ̀ ti balẹ̀ báyìí. Ẹ bi wọ́n pé kí ló mú un balẹ̀. Tó bá jẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru ni, ìṣòro náà kò tíì kúrò, ìlànà NHS fúnra rẹ̀ sì sọ pé ohun tí wọ́n ń kápá dáadáa ṣì jẹ́ ìṣòro. Tí wọ́n bá kọ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò kíkún, ẹ ní oṣù 6 láti ní kí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè lọ sọ́dọ̀ NHS England, kí ẹ sì dé ọ̀dọ̀ Ombudsman, ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú. Ó máa ń tán ni lókun, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tó borí.

Àwọn nǹkan kéékèèké náà ń ṣèrànwọ́. Ẹni tó ń dá san owó ara rẹ̀ lè máa gba Attendance Allowance, owó ìrànwọ́ ìjọba fún àgbàlagbà tó nílò ìtọ́jú, wọn kò sì ń wo ohun ìní kí wọ́n tó fún un. Owó tí ìyàwó ní sí orúkọ ara rẹ̀ kò kan káńsù. Tí ọkọ bá ń gba owó ìfẹ̀yìntì láti ibi iṣẹ́, ó lè fi ìdajì rẹ̀ fún ìyàwó tó wà nílé, wọn kò ní ka ìdajì yẹn. Bí káńsù ló ń sanwó tí wọ́n wá ní kí ẹbí fi kún un, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ibi tí owó tí wọ́n là sílẹ̀ tó hàn yín. Òfin ní ó kéré tán kí irú ibẹ̀ kan wà.

Inú ń bí mi sí ìjọba lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní fi pamọ́. Ní ọdún 1999, ìgbìmọ̀ tí Stewart Sutherland darí ní kí ìtọ́jú ara ẹni, bíi wíwẹ̀ àti wíwọṣọ, di ọ̀fẹ́. Scotland gbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà ní ọdún 2002, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó lówó ṣì ń san ti ibùsùn àti oúnjẹ níbẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀. Ní ọdún 2011, ìgbìmọ̀ Andrew Dilnot ní kí wọ́n fi òpin sí iye tí ẹnì kan lè san títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Wọ́n ṣe é lófin, £72,000, pé yóò bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Wọ́n sún un síwájú, wọ́n sì pa á tì. Wọ́n tún ṣèlérí £86,000 fún oṣù Kẹwàá ọdún 2023, wọ́n sún un sí 2025, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù Keje ọdún 2024. Ní báyìí wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún Louise Casey, tó ń darí ìgbìmọ̀ tuntun, wọ́n ní kó parí rẹ̀ nígbà tó bá fi máa di 2028. Ẹni tí dìmẹ́ńṣíà ń yọ́ ọpọlọ rẹ̀ lónìí kò lè dúró de 2028.

Ọmọbìnrin yẹn kò ta ilé lọ́sẹ̀ náà. Section 3 kò kan Bàbá, nítorí náà a béèrè fún Checklist, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé òru rẹ̀. Kó tó jáde, mo ní kó fi ìwé tí ilé ìtọ́jú fún un láti fọwọ́ sí hàn mí. Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò san owó. Mo ní kó dá a padà. Ó ti ní Lasting Power of Attorney, ìwé òfin tó fún un láṣẹ láti máa bójú tó owó Bàbá, láti ìgbà tí orí Bàbá ṣì pé, nítorí náà orúkọ Bàbá ló yẹ kó wà lórí ìwé náà, owó Bàbá sì nìkan ni gbèsè náà lè kàn. Ó mú bírò, ó fa ìlà gba orí orúkọ ara rẹ̀ kọjá.