Àga mẹ́ta tí Èkó ní nílé aṣòfin ayé Gẹ̀ẹ́sì: àwọn wo ló jókòó síbẹ̀, báwo ló sì ṣe parẹ́?

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé Azikiwe ti ṣojú Èkó rí nílé aṣòfin? Ṣebí ọmọ Onitsha ni?

Òótọ́ ni o. Lọ́dún 1947 wọ́n dìbò yan Nnamdi Azikiwe, òun àti Dókítà Abubakar Olorun-Nimbe àti Prince Adeleke Adedoyin, pé kí wọ́n lọ máa ṣojú Èkó ní Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Nàìjíríà. Gbogbo ìgbà tí ìbò Èkó bá ti ń sún mọ́lé lọ́dọ̀ wa báyìí ni àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ ìjà ta-ló-nÈkó, wọ́n á ní irú lágbájá ò ṣojú Èkó rí, kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá. Agbègbè ìdìbò tí mò ń sọ yìí ò sí mọ́, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tó ti parẹ́, ṣùgbọ́n tẹ́ẹ bá mọ àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀pọ̀ ariwo tí à ń gbọ́ lónìí ò ní ya yín lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ ká mú un látìbẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?

1923. Kó tó dìgbà yẹn, Èkó ti ní ìgbìmọ̀ aṣòfin tiẹ̀ láti 1862, ìyẹn ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú, ṣùgbọ́n gómìnà ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ mú àwọn tó máa wọ ibẹ̀, kò sẹ́ni tó dìbò fún ẹnì kankan. Nígbà tí Lugard da Àríwá àti Gúúsù pọ̀ lọ́dún 1914, ó dá ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Nigerian Council sílẹ̀, ìyẹn ò lágbára àtiṣòfin, ìmọ̀ràn lásán ni wọ́n ń mú wá.

Àwọn ọ̀mọ̀wé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá ṣèpàdé ní Accra lọ́dún 1920, wọ́n ní àwọn fẹ́ káwọn aráàlú máa dìbò yan aṣojú, wọ́n tún rán àwọn èèyàn lọ sí London lórí ọ̀rọ̀ náà. Gómìnà Hugh Clifford bú wọn gidi nínú ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́dún yẹn, ó ní wọn ò ṣojú ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n Clifford kan náà yìí ló gbé òfin ìpìlẹ̀ 1922 jáde tó sọ pé kí wọ́n dìbò yan aṣòfin mẹ́rin, mẹ́ta láti Èkó, ẹyọ kan láti Kàlàbá. Bí ìbò ṣe wọ Nàìjíríà nìyẹn, ogún oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 1923 ni wọ́n dì í fúngbà àkọ́kọ́.

Ẹ fojú sí i pé ìgboro Èkó nìkan ni mò ń wí o. Ìkẹjà, Ẹ̀pẹ́, Àgbádárìgì, gbogbo ìyẹn ò sí nínú ẹ̀. Ìbàdàn tó tóbi bó ṣe tóbi nígbà yẹn, wọn ò ráyè dìbò. Gbogbo ìlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, ẹni tí gómìnà bá fẹ́ ló máa mú pé kó wá sọ̀rọ̀ fún wọn.

Ìbéèrè: Ta ni wọ́n ń jẹ́ kó dìbò ní Èkó nígbà yẹn?

Ọkùnrin. Tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, tó ti gbé Èkó fún oṣù méjìlá, tówó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá ò sì dín ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ayé ọjọ́un kì í ṣe eré. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé kékeré ni ò rí i lọ́dún, ká má tíì sọ apẹja tàbí ẹni tó ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù. Èèyàn tó wà l'Ékòó nígbà tí wọ́n ka àwọn èèyàn lọ́dún 1921 lé ní 99,000, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ò ju bíi 4,000 lọ.

Ẹ tún un kà kẹ́ẹ rí ohun tí ò sí níbẹ̀: wọn ò béèrè pé ọmọ ibo ni bàbá ẹ. Tówó ẹ bá ti pé, tó o sì jẹ́ ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tàbí ọmọ ìbílẹ̀ Nàìjíríà, tó o ń gbé Èkó, o ti lè dìbò nìyẹn. Owó ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n sì fi jíjẹ́ obìnrin tì í pẹ̀lú, èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Àwọn ìyá ọjà Èkó tí Alimotu Pelewura jẹ́ olórí wọn, àwọn ló ń dáwó fẹ́gbẹ́ òṣèlú Herbert Macaulay, àwọn ló ń kún ibi ìpàdé, tí wọ́n bá ní kí ọjà di títì, ó máa dì, àmọ́ lọ́jọ́ ìbò wọn ò gbọ́dọ̀ súnmọ́ àpótí. Lọ́dún 1944 Ìyáàfin Oyinkan Abayomi dá ẹgbẹ́ òṣèlú obìnrin sílẹ̀, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń béèrè ni ẹ̀tọ́ ìdìbò. 1950 ni tọkùnrin tobìnrin tó jọ dìbò l'Ékòó, ìyẹn náà, ti káńsù ìlú ni, kì í ṣe ti ilé aṣòfin. Látọdún 1923 títí ilé yẹn fi kógbá wọlé, obìnrin kan ò dìbò yan ẹni tó máa jókòó síbẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn wo ló kọ́kọ́ wọlé?

Lọ́yà méjì, dókítà kan: Joseph Egerton-Shyngle, Eric Moore àti Dókítà Crispin Adeniyi-Jones. Ẹgbẹ́ Herbert Macaulay, NNDP (Nigerian National Democratic Party), tí wọ́n dá sílẹ̀ lóṣù Júùnù 1923, oṣù mẹ́ta péré ṣáájú ìbò, ló kó àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Wàyí o, Gambia ni wọ́n bí Egerton-Shyngle sí, ilẹ̀ Sàró ni wọ́n bí Adeniyi-Jones sí. Ìyẹn ni pé nínú àwọn mẹ́ta tí Èkó kọ́kọ́ dìbò yàn nínú ìtàn, a ò bí méjì ní Nàìjíríà rárá. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n padà sílé wọn. Adeniyi-Jones wà níbẹ̀ títí di 1938, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko. T. A. Doherty, lọ́yà tó wà lára àwọn tó dá báǹkì National Bank sílẹ̀ lọ́dún 1933, wọlé ní 1928.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí Macaulay fúnra ẹ̀ ò wọlé, nígbà tó jẹ́ òun ló ni ẹgbẹ́?

Wọn ò gbà á láyè. Wọ́n ti dájọ́ ẹ̀wọ̀n fún un lọ́dún 1913 lórí owó ogún kan tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹni tó bá sì ti ṣẹ̀wọ̀n irú bẹ́ẹ̀, òfin ò jẹ́ kó du ipò. Ọ̀pọ̀ ará Èkó gbà pé nítorí pé ẹnu ẹ̀ mú sí ìjọba ni wọ́n ṣe lé e mọ́ ògiri. Lọ́dún 1928 wọ́n tún rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí ìwé ìròyìn ẹ̀ kọ lórí ọ̀rọ̀ Ọba Èṣùgbàyí.

Ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, àwọn èèyàn ń pè é ní Ejò-nígboro, ilé ẹ̀ tó ń jẹ́ Kirsten Hall ni wọ́n ti ń pinnu ẹni tó máa dupò àtẹni tí ò ní dù ú. Kò jókòó lórí àga yẹn lọ́jọ́ kan. Síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹni tí Macaulay bá nawọ́ sí ni Èkó ń dìbò fún.

Ìbéèrè: Kí wá ni àwọn mẹ́ta yẹn rí ṣe nílé aṣòfin?

Ká sọ òótọ́, agbára wọn ò tó nǹkan. Èèyàn 46 ló wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn, 27 nínú wọn jẹ́ ti ìjọba, gómìnà ló ń ṣalága. Tí gbogbo àwọn tó kù bá tilẹ̀ panu pọ̀, ìjọba ló máa borí. Mẹ́rin péré sì ni wọ́n dìbò yàn nínú 19 tí kì í ṣòṣìṣẹ́ ìjọba, gómìnà ló mú àwọn tó kù. Ohun tí ọwọ́ wọn tó ni ìbéèrè. Wọ́n á dìde, wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìjọba ní gbangba, ìwé ìròyìn á gbé e, ìgboro á gbọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó. 1925 ni ìjọba yọ ọ́ lórí oyè tí wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Aṣojú mẹ́ta ni Èkó ní nílé aṣòfin lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn ọba náà ni gbogbo wọn ti wá, wọn ò sì lè dá a dúró. Ẹjọ́ ló gbé e padà, wọ́n bá a dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù, ní London, 1931 ló tó padà wálé. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá ní ìgbìmọ̀ yẹn ni ìjọba tiwa-n-tiwa àkọ́kọ́, mi ò lè bá a gbà á. Ohun tí àga mẹ́ta yẹn ṣe ni pé ó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń polongo, bí wọ́n ṣe ń fi ìwé ìròyìn jà, torí kò sídìí tí NNDP ì bá fi wà tí kò bá sí ìbò 1923.

Ìbéèrè: Ta ló wá gbà á lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Macaulay?

Àwọn ọ̀dọ́. Lọ́dún 1934 ni wọ́n dá Lagos Youth Movement sílẹ̀, ohun tó bí wọn nínú ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yábàá tí ìwé ẹ̀rí ẹ̀ ò jẹ́ káwọn ọmọ wa bá òyìnbó dọ́gba níbi iṣẹ́. Ní 1936 wọ́n sọ ọ́ di Nigerian Youth Movement, wọ́n ní ẹgbẹ́ Macaulay ò kọjá Èkó, gbogbo Nàìjíríà làwọn fẹ́ ṣe. West African Pilot ti Azikiwe ti jáde lóṣù Nòfẹ́ńbà 1937, ó ń gbé wọn lárugẹ lójoojúmọ́. Ní 1938 wọ́n gba káńsù Èkó, wọ́n tún kó àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílé aṣòfin: Dókítà Kofo Abayomi, H. S. A. Thomas àti Olayinka Alakija, ìdílé Àgùdà tó ti Brazil bọ̀.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé ìjà ẹ̀yà bẹ̀rẹ̀ lórí àga yẹn. Báwo ló ṣe jẹ́?

Ibí yìí ni kẹ́ẹ ti farabalẹ̀. Kofo Abayomi fẹ́ lọ kàwé sí i nípa ìtọ́jú ojú ní ìlú òyìnbó, ló bá fàga ẹ̀ sílẹ̀, ní 1941 wọ́n gbọ́dọ̀ dìbò yan ẹlòmíì dípò ẹ̀. Nínú ẹgbẹ́, ẹni méjì ló fẹ́ ẹ: Ernest Ikoli tó jẹ́ ọmọ Ìjọ́, oníwèé ìròyìn, àti Samuel Akinsanya tó jẹ́ ọmọ Ìṣarà ní Rẹ́mọ. Ẹgbẹ́ mú Ikoli. Akinsanya kọ̀, ó dá dúró dupò náà, Azikiwe wà lẹ́yìn ẹ̀, Ikoli sì lù ú mọ́lẹ̀. Ni Azikiwe bá ní nítorí pé Akinsanya jẹ́ Ìjẹ̀bú ni wọn ò ṣe fẹ́ ẹ, ó kúrò nínú ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ Ìgbò bá a lọ, ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀bú náà lọ.

Ṣé ẹ rí i pé kò rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lónìí? Ìgbò ló wà lẹ́yìn ọmọ Yorùbá, àwọn Yorùbá tó pọ̀ ló wà lẹ́yìn ọmọ Ìjọ́, Awólọ́wọ̀ gan-an tó jẹ́ ará Rẹ́mọ bíi Akinsanya, Ikoli ló tì lẹ́yìn. Akinsanya di Ọdẹ́mọ ti Ìṣarà lọ́dún yẹn kan náà. Ẹgbẹ́ yẹn ò gbérí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àga kan ṣoṣo tí ò lè yí òfin kan padà ló tú wọn ká, mi ò mọ ohun míì tó bà mí nínú jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn òṣèlú Èkó.

Ìbéèrè: 1947 wá ńkọ́?

Wọ́n ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC (National Council of Nigeria and the Cameroons) sílẹ̀ lọ́dún 1944, Macaulay jẹ́ ààrẹ, Azikiwe jẹ́ akọ̀wé. Macaulay kú lóṣù Méè 1946. Òfin ìpìlẹ̀ Richards bẹ̀rẹ̀ lóṣù Jánúárì 1947, wọ́n fa owó tó gbọ́dọ̀ máa wọlé lọ́dún fún ẹni tó fẹ́ dìbò wálẹ̀ sí àádọ́ta pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n àga tí wọ́n ń dìbò sí ò yí padà, mẹ́ta Èkó, ẹyọ kan Kàlàbá. NCNC ò fẹ́ òfin náà rárá, síbẹ̀ wọ́n jáde dupò, wọ́n sì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Azikiwe, Olorun-Nimbe, dókítà tó jẹ́ mùsùlùmí Èkó, àti ọmọ Akárígbò ti Rẹ́mọ, ìyẹn Adedoyin. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára àwọn tó lọ London lọ́dún yẹn, àwọn àti Funmilayo Ransome-Kuti, láti lọ bá mínísítà tó ń rí sí àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, Arthur Creech Jones. Ó ní kí wọ́n padà sílé kí wọ́n lọ fọwọ́sowọ́pọ̀.

Ìbéèrè: Báwo wá ni àga ọ̀hún ṣe parẹ́?

Òfin ìpìlẹ̀ Macpherson, 1951. Wọ́n pa Ìgbìmọ̀ Aṣòfin rẹ́, wọ́n fi House of Representatives, ilé àpapọ̀, rọ́pò ẹ̀, wọ́n sì ti Èkó mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Èkó ní àga márùn-ún nílé aṣòfin Ìbàdàn, NCNC kó gbogbo ẹ̀: Azikiwe, Adedoyin, Olorun-Nimbe, T. O. S. Benson àti H. P. Adebola. Nínú àwọn márùn-ún yìí, ilé Ìbàdàn ló máa dìbò mú méjì lọ sí ilé àpapọ̀, Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, ló sì pọ̀ jù ní Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ NCNC fẹ́ kí Azikiwe lọ. Olorun-Nimbe àti Adedoyin, àwọn tí wọ́n jọ wọlé ní 1947, kọ̀ láti yẹ̀ fún un. Ilé Ìbàdàn bá mú àwọn méjèèjì, Azikiwe jókòó sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí olórí alátakò, nígbà tó yá ó gba Ìlà-Oòrùn lọ.

Àwọn kan ní ẹ̀yà ni wọ́n fi tì í. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ Action Group àti NCNC ló wà níbẹ̀ jù, torí ẹgbẹ́ kan náà làwọn méjì tó dúró lọ́nà ẹ̀ ti wá, wọ́n sì lé Olorun-Nimbe kúrò nínú ẹgbẹ́ lórí ẹ̀.

Ìbéèrè: Ibo ló wà lónìí?

Ní 1954 wọ́n yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sọ ọ́ di olú-ìlú tó dá dúró, wọ́n fún un ní àga tiẹ̀ nílé àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó dé ní 1967, ó kó Ìkẹjà, Ẹ̀pẹ́, Àgbádárìgì àti Ìkòròdú mọ́ ọn. Ilẹ̀ tí àwọn àga mẹ́ta yẹn dúró lé lórí ti pín sí ọwọ́ àwọn aṣojú Erékùṣù Èkó, Mainland àtàwọn tó yí wọn ká, nínú àga 24 tí ìpínlẹ̀ Èkó ní nílé aṣojú-ṣòfin báyìí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn téèyàn lè nawọ́ sí pé èyí ló jogún ti Egerton-Shyngle.