Irin Tí Wọ́n Fi Òòlù Nà Kì í Ṣe Irin Òpó

Àwọn oníbàárà mi tí wọ́n ń wó ilé àtijọ́ ní Ìbàdàn kì í jáwọ́ nínú àṣà kan: wọ́n á dáná sun ìlẹ̀kùn ìrókò, wọ́n á kó àfọ́kù bulọ́ọ̀kù dà sí gọ́tà, wọ́n á wá fi òòlù na irin tó yọ nínú dẹ́kìn (ilẹ̀ kọnkéré òkè ilé), kí n lè fi gbé òpó ilé tuntun. Ohun tó yẹ kí wọ́n tọ́jú ni wọ́n ń jù nù, èyí tó yẹ kí wọ́n tà ni wọ́n fẹ́ fi kọ́lé.

Wọ́n ní iwin ń gbé inú ìrókò. Pákó tó ti gbẹ fún 50 ọdún, tí ikán kò fẹnu kàn, ni wọ́n ń sun nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì lọ ra pákó tútù tí yóò wọ́ kí ọdún tó yí po. Àfọ́kù bulọ́ọ̀kù dára lábẹ́ jámánì flọ̀ (kọnkéré tí wọ́n ń dà sílẹ̀ kí wọ́n tó mọ ògiri), bí ẹ bá ti ṣa POP (ohun funfun tí wọ́n fi ń ṣe àjà lọ́ṣọ̀ọ́) kúrò nínú rẹ̀ pátápátá, nítorí pé bí omi bá kan POP nísàlẹ̀, yóò bá simẹ́ńtì jà títí ilẹ̀ yóò fi wú tí yóò sì sán. Amọ̀ ògiri àtijọ́ kò nílò àlàyé, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tún fi mọ ògiri.

Ọ̀rọ̀ irin ló ń dùn mí. Irin tó dára máa ń fà kó tó já. Bí ẹrù bá pọ̀ jù fún un, kọnkéré á kọ́kọ́ sán, àwọn ará ilé á rí i, wọ́n á sì sá jáde. Èyí tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n tún fi òòlù nà ti ná agbára fífà yẹn tán níbi tó tẹ̀, ó sì lè ti là tínrín níbẹ̀, lílà tí ojú lásán kò lè rí. Irú irin bẹ́ẹ̀ lè já lójijì. Ẹ yí i lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú: tuntun á yí geere, èyí tí wọ́n nà á máa ta gìrìgìrì, ìlà ara rẹ̀ á sì ti pẹlẹbẹ níbi tí òòlù bà.

Àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, tí wọ́n ń pe ara wọn ní ẹnjiníà, ni wọ́n ń sọ fún yín pé irin ni irin. Lójú baba onílé kan ni mo ti ní kí oníṣẹ́ irin tẹ ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì já sí méjì bí igi gbígbẹ. Baba ní owó ti tán, wọ́n gba ẹlòmíràn. Bàkónì ilé náà já lulẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tòun tàwọn obìnrin tó dúró lé e lórí. Ọ̀kan nínú wọn kò tíì lè rìn láìsí ọ̀pá.

Àwọn ilé iṣẹ́ ìyọ́rin ní Ìkòròdú ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù (irin àlòkù), wọ́n ń yọ́ ọ, ó sì ń padà di irin tuntun. Ẹ ta tiyín fún àwọn tó ń kó o lọ síbẹ̀, kí ẹ fi owó rẹ̀ kún ti irin òpó. Kí ẹ sì ti yọ ìlẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò kí àwọn awólé tó dé, torí pé ọ̀pọ̀ wọn máa ń ka gbogbo ohun tó bá kù sínú ilé mọ́ owó iṣẹ́ wọn.