Ẹ Fi Òkúta Iyùn Sílẹ̀ Síbi Tó Wà

Àwọn èèyàn wa tó ń ti erékùṣù Barbados bọ̀ kò yéé gbé òkúta iyùn, ìyẹn egungun àwọn ẹranko òkun kéékèèké tó ti di òkúta, wá fún mi. Wọ́n á ti fi fíníkà fọ̀ ọ́ kó lè dán, wọ́n á wá ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ bá wa wo iye ọdún rẹ̀." Ibo lẹ ti rí i? "Lẹ́bàá ọ̀nà, lórí òkè kan." Kí ni kí n fi ìyẹn ṣe? Katakata lè ti gbá òkúta náà dé ibẹ̀.

Ká ní ó ṣì dúró síbi tó hù sí ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Acropora palmata, irú iyùn kan tí ẹ̀ka rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́, oòrùn ló ń wá. Inú omi tí kò jìn ju nǹkan bíi mítà 5 lọ ló ti ń gbilẹ̀ jù. Ibi tí a bá ti bá a ní ìdúró, ojú òkun ìgbà náà kò jìnnà sókè rẹ̀. Irú iyùn yìí, tí wọ́n gbẹ́ jáde lábẹ́ òkun ní Barbados, ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Richard Fairbanks fi ṣàlàyé ní 1989 pé nígbà tí yìnyín gbilẹ̀ láyé, ojú òkun fi nǹkan bíi mítà 120 rẹlẹ̀ ju ti òní lọ. Iṣẹ́ wa nìyẹn, mo sì ń fi í yangàn.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín jù ni ọ̀rọ̀ òjò. Nígbà tí iyùn wà láàyè, ó ń gba uranium, èròjà kan tó ń yí padà fúnra rẹ̀, láti inú omi òkun, ṣùgbọ́n kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gba èròjà kejì, thorium, rárá. Uranium yẹn ló ń di thorium díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tí kì í yẹ̀. Òun la fi ń ṣírò ọdún. Àmọ́ aragonite, irú èròjà òkúta kan, ni egungun iyùn. Bí omi òjò bá ń gba inú rẹ̀ kọjá títí, aragonite á yọ́, èròjà òkúta mìíràn tó ń jẹ́ calcite á gba ipò rẹ̀, uranium á sì rí àyè jáde tàbí wọlé. Ojú lásán lè má rí ìyàtọ̀ kankan. Ìdí nìyí tí mo fi ń wá calcite kí n tó ṣe ohunkóhun, tí mo tún ń wò ó bóyá ìpín uranium-234, ẹ̀yà uranium kan, bá ti omi òkun mu. Èyí tí kò bá yege, dídà ni mo ń dà á nù, iye yòówù kí olówó rẹ̀ fẹ́ san.

Ó wá sú mi láti máa gbọ́ pé Ìkún-omi Nóà ló kó iyùn lọ sórí òkè Barbados. Ìkún-omi wo ló ń gbin iyùn ní ìdúró, tó tún ń tò ó ní ìpele-ìpele, tí èyí tó dàgbà jù wà lókè? Ilẹ̀ erékùṣù náà ló ń gòkè. Iyùn ìpele Rendezvous Hill, ọ̀kan lára àwọn ìpele náà, ti tó nǹkan bí ọdún 125,000.

Màmá kan fi owó ìfẹ̀yìntì ra òkúta iyùn lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Ìwé ẹ̀rí tó bá a wá ní carbon-14, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń ṣírò ọdún, fi hàn pé ó ti lo ọdún 300,000. Carbon-14 kì í ka ohun tó ju nǹkan bí ọdún 50,000 lọ! Oníṣòwò náà tún ní kí wọ́n máa lọ̀ ọ́ mu fún oríkèé tó ń dùn wọ́n, wọ́n sì ti mu nínú rẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé irọ́ ni?" Mo ní, "Màmá, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ. Ẹ má mu ún mọ́." Calcite ló kún inú èyí tó kù.

Bí ẹ bá rí iyùn lára òkè, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ kọ ibi tó wà àti bó ṣe ga tó sí, kí ẹ sì pè wá. Ẹ má yọ ọ́. Ẹ má fọ̀ ọ́.