Okùn tó di patch

Bàbá onílù kan ní Kétu ló jẹ́ kí n ronú sí ìtàn yìí. Mo ti gba ohùn agogo sínú kọ̀ǹpútà, mo tò ó sórí dùùrù, mo sì tẹ̀ ẹ́ kí Bàbá gbọ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń lu agogo yìí? Kò rẹ̀ ẹ́ ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Ìró kan ṣoṣo ni mo gbà, òun náà sì ni ẹ̀rọ ń tún pè lálọ lábọ̀. Ọwọ́ ènìyàn kì í lu agogo lẹ́ẹ̀mejì kó dọ́gba.

Ohun tí mo tò yẹn ni wọ́n ń pè ní patch: ohùn tí a gbà láti ara ohun èlò gidi, pẹ̀lú ìlànà tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe lò ó. Orúkọ yìí dàgbà ju ohun tó ń jẹ́ ẹ lọ. Nígbà tí Robert Moog gbé ẹ̀rọ orin tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1964, kò sí ààyè ìpamọ́ kankan nínú rẹ̀. Ìró tí o bá fẹ́, okùn wáyà lo máa fi so ihò kan mọ́ òmíràn, bí àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù àtijọ́ ti ń ṣe. Okùn yẹn gan-an ni patch. Bí o bá tú u, ìró ọ̀hún lọ nìyẹn, àfi tí o bá ti yà á sórí bébà. Ní 1978 ni ẹ̀rọ orin Prophet-5 dé, ó lè pa ohùn 40 mọ́. Okùn lọ, orúkọ ò lọ. Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu tiwa, náà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń tì í mọ́ ọ̀tá mọ́, Ìdẹ́nà la ṣì ń pè é.

Ọ̀nà mìíràn ni ohùn gbígbà gbà wá. Ní Paris, ní 1948, Pierre Schaeffer fi ariwo ọkọ̀ ojú irin ṣe orin. Ní 1963, Mellotron, dùùrù onítéèpù, jáde ní Birmingham, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Harry Chamberlin ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní California. Lábẹ́ kíì kọ̀ọ̀kan ni téèpù kan wà tí wọ́n ti gba ohùn sí. Téèpù náà kì í ju bí ìṣẹ́jú àáyá 8 lọ. Bí o bá di kíì mú kọjá ìyẹn, ó dákẹ́ ni.

Ẹ̀rọ Fairlight wá dé láti Sydney ní 1979, ọwọ́ Peter Vogel àti Kim Ryrie. Kò lo téèpù: ó sọ ohùn di nọ́ńbà, èèyàn sì lè fi kálámù kan ya ìgbì ohùn lójú ẹ̀rọ. Owó rẹ̀ ju 20,000 dọ́là lọ, síbẹ̀ ààyè tó ní fún ohùn kan kò tó nǹkan.

Ibẹ̀ ni lúùpù ti wúlò. Kí ohùn fèrè tó kúrú lè máa lọ títí, wọ́n wá ibì kan láàárín rẹ̀ tí ẹ̀rọ yóò máa yí padà sí. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń so okùn tó já: bí orí méjèèjì ò bá bára mu, kókó á yọ, kókó yẹn sì ni etí ń gbọ́ bíi "tàkà". Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá ibi tí ìgbì ohùn ti gba orí òdo kọjá, tó sì ń lọ síhà kan náà. Mo ti fi odidi òru kan wá a lára ohùn fèrè kan rí.

Pínpín kíì náà, àìní ló bí i. Wọn ò lè gba ohùn kíì kọ̀ọ̀kan, wọ́n gba ọ̀kan, wọ́n fà á dé àwọn kíì tó kù. Ṣùgbọ́n bí o bá mú ohùn sáré ní ìlọ́po méjì, ó gòkè ní òkítáfù kan (láti dò dé dò òkè), ó sì kúrú di ìdajì. Ohùn àgbàlagbà á wá dà bíi ti ẹyẹ. Nítorí náà ni a fi ń fún ohùn kọ̀ọ̀kan ní ààlà, kíì mélòó kan sísàlẹ̀, mélòó kan sókè. Nígbà tí MIDI, èdè tí àwọn ẹ̀rọ orin fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, dé ní 1983, ó fi nọ́ńbà sí kíì láti 0 dé 127, agbára ìtẹ̀ náà sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Èèyàn lè wá ní kí ìtẹ̀ jẹ́jẹ́ pe ohùn jẹ́jẹ́.

Ìyókù yára. SoundFont, irú fáìlì kan fún patch, gbé patch sórí kọ̀ǹpútà ilé ní 1994. Ètò kọ̀ǹpútà GigaSampler, ní 1998, fi ìbẹ̀rẹ̀ ohùn nìkan sí ìrántí, ó ń ka ìyókù láti inú dísìkì bí orin ti ń lọ. SFZ, irú fáìlì patch tí mo ń lò, ọ̀rọ̀ lásán ni, o lè kọ ọ́ bí ẹní kọ lẹ́tà.

Inú SFZ yẹn ni mo ti rí èsì Bàbá. Mo padà lọ bá wọn, wọ́n lu agogo náà lẹ́ẹ̀mẹ́jọ fún mi. Mo kọ seq_length=8, ìyẹn ni pé ìró mẹ́jọ ló wà nínú ìtò náà, mo fún ìró kọ̀ọ̀kan ní ipò tirẹ̀, kí ẹ̀rọ máa pè wọ́n ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Bàbá tẹ́tí, wọ́n fi ìka lu orúnkún, wọ́n ní, "Ó ti ń mí báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ọwọ́ mi."

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i wò, ìkarùn-ún ni: mo ti gé orí rẹ̀ jù.